Ilẹ̀ Tí Ẹsẹ̀ Kwamena Mọ̀

Ọjọ́ Ajé, 15 oṣù Karùn-ún

Kwamena ṣubú lónìí. Ihò àárín pálọ̀, tí èmi máa ń fò kọjá láìtiẹ̀ ronú, ló gbé e lẹ́sẹ̀. Mo wà nídìí ẹ̀rọ, mò ń rán ọrùn aṣọ kan, mo gbọ́ "gbì", lẹ́yìn náà mi ò gbọ́ nǹkan kan mọ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn ló já mi láyà ju ìró náà lọ. Nígbà tí mo máa fi débẹ̀, ó ti jókòó sílẹ̀, ó fi ọwọ́ ọ̀tún di ti òsì mú, ó ń rẹ́rìn-ín sí ògiri níbi tó rò pé mo wà.

"Aba, mo já sí kòtò," ló wí. "Gbogbo ọdún tí mo fi wa bọ́ọ̀sì láti Accra dé Takoradi, mi ò já sí kòtò rí. Inú ilé mi ni mo wá já sí i."

Ọrùn ọwọ́ ló sán. Wọ́n ti dì í fún un nílé ìwòsàn.

Nígbà tó di ìrọ̀lẹ́, Adoma pè láti Tema. Ọmọ kan ṣoṣo tá a bí ni, ṣùgbọ́n tó bá ti ń bẹ̀rù, ohùn rẹ̀ máa ń dà bíi ti ọ̀gá ilé ìwé. "Maame, mo ti sọ fún yín. Ojú Paapa ti lọ láti ọdún méjì, ilẹ̀ ilé yẹn ò sì dáa. Mi ò ní fi owó mi sí ilé tí afẹ́fẹ́ òkun ti jẹ tán. Lóṣù Kẹjọ, màá gbé ọkọ̀ wá. Tí ilẹ̀ yẹn bá ṣì rí bẹ́ẹ̀, ẹ̀yin méjèèjì lẹ máa bá mi lọ. Mo ti ṣe yàrá kan sílẹ̀."

Kwamena gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó kọjú sí fèrèsé tí òkun wà, ó wà bẹ́ẹ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọjọ́rú, 17

Òjò. Mò ń fi kẹ́ńkè àgbàdo àti ẹja bọ́ Kwamena lẹ́nu. Ó ní ẹja tòní dùn ju tàná lọ. Ẹja kan náà ni.

Àbámẹ́ta, 20

Mo lọ sí Cape Coast, sí ṣọ́ọ̀bù Konadu tó ń ta kápẹ́ẹ̀tì onírọ́bà. Kí Kwamena tó ṣubú rárá ni ọkàn mi ti wà níbẹ̀. Nígbà kan, mo gbé aṣọ lọ fún obìnrin kan nílé rẹ̀, ilẹ̀ pálọ̀ rẹ̀ sì ń dán bí odò Benya ìlú wa ní ìdájí, nígbà tí ọkọ̀ ojú omi kankan ò tíì rú u. Mo bọ́ bàtà lẹ́nu ọ̀nà kó tó sọ pé kí n bọ́ ọ. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń tẹ́ ilẹ̀ yẹn sí ilé mi lọ́kàn, pàápàá tí mo bá ń rán nǹkan gígùn bíi kọ́tìnì, tí ọwọ́ ń ṣiṣẹ́, tí ọkàn sì ń rìn kiri.

Àwọn rọ́bà náà dúró ní róòlù róòlù lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, bí àwọn obìnrin tó ń dúró de bọ́ọ̀sì. Òmíràn ní àwọ̀ pákó, òmíràn ní òdòdó. Èyí tí mò ń wá wà lẹ́yìn: eérú tó fẹ́ di funfun, tó ń dán.

"Ẹ fọwọ́ pa á, Mama," Konadu wí. "Kò ní bù yín jẹ."

"Èló?"

"Ọgọ́rùn-ún sídì, yáàdì kan."

"Yáàdì kan? Ṣé ó máa ń sọ̀rọ̀ ni?"

"Òun ò ní sọ̀rọ̀. Àwọn àlejò yín ló máa sọ ọ́."

Mo rẹ́rìn-ín títí dé ibi tí mo ti wọkọ̀. Inú ọkọ̀ ni mo ti wá ṣírò. Rọ́bà fún pálọ̀, ọ̀dẹ̀dẹ̀ àti yàrá: 2,400. Sìmẹ́ńtì, yanrìn, owó iṣẹ́ Egyir tó máa tún ilẹ̀ rẹ́: 1,300. Gọ́ọ̀mù: 350. Masta Paintsil tó máa tẹ́ ẹ: 600. Gbogbo rẹ̀ jẹ́ 4,650. Ohun tí mo ní jẹ́ 2,900.

Ẹ̀rín ti tán kí n tó sọ̀.

Àìkú, 21

Mo lálàá pé wọ́n ti tẹ́ ilẹ̀ náà, àmọ́ omi ni. Kwamena ń rìn lórí rẹ̀, kò rì, ó wọ aṣọ iṣẹ́ àtijọ́ tó ní bọ́tìnnì góòlù. Mo pè é wá jẹun. Ó ní kí n ní sùúrù, kí àwọn èrò sọ̀ kalẹ̀ ná. Mo wo ẹ̀yìn rẹ̀, mi ò rí èrò kankan, àfi ìmọ́lẹ̀ lórí omi. Nígbà tí mo jí, ẹsẹ̀ mi tutù. Òjò ti gba abẹ́ ilẹ̀kùn wọlé.

Àbámẹ́ta, 3 oṣù Kẹfà

Ọdún Bakatue, tá a fi ń ṣí odò fún ìpẹja, ti ń bọ̀, gbogbo ènìyàn fẹ́ wọ aṣọ tuntun, iṣẹ́ ti kún ilé. Mo gba gbogbo rẹ̀. Mo sì ta ẹ̀rọ kejì, èyí tó ń rán etí aṣọ. Ẹni tó rà á fẹ́ atẹ́gùn sí eruku orí rẹ̀, ó gbé e mọ́ra bí ọmọ, ó lọ. Ibi tó wà tẹ́lẹ̀ lẹ́bàá ògiri ṣì mọ́ ju ibòmíràn lọ.

Owó ti tó fún Egyir, owó rọ́bà pálọ̀ náà sì ti wà. Pálọ̀ lákọ̀ọ́kọ́. Ìyókù á tẹ̀ lé e.

Àbámẹ́ta, 10

Egyir ti fọ́ ilẹ̀ àtijọ́, ó sì ti rẹ́ tuntun. Ó máa ń bá sìmẹ́ńtì sọ̀rọ̀ bó ṣe ń ṣiṣẹ́: "Dùbúlẹ̀, jọ̀ọ́, dùbúlẹ̀." Kwamena jókòó lẹ́nu ọ̀nà ilé ìdáná, ó ń gbọ́.

"Egyir, ṣé ìyàwó rẹ mọ̀ pé báyìí lo ṣe ń bá ilẹ̀ sọ̀rọ̀?"

"Masta, òun gan-an ló ní kí n máa wá ilẹ̀ bá sọ̀rọ̀, kí n jẹ́ kí òun sinmi."

Inú ilé ìdáná la ó máa sùn báyìí títí ilẹ̀ á fi gbẹ. Mo tẹ́ ẹní sí àárín àdògán àti àpò gàrí. Kwamena ní ó dà bí ìgbà tá a ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ́ra, nígbà tí gbogbo ilé wa kò ju báyìí lọ.

Ọjọ́rú, 14

Masta Paintsil wá wo ilẹ̀ lánàá. Ó tẹ́ ọ̀rá kan sílẹ̀, ó lẹ etí rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó ní ká fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Nígbà tá a ṣí i lónìí, omi ti bo inú ọ̀rá náà bí òógùn.

"Ilẹ̀ yìí ṣì ń mí," ló wí. "Tá a bá bò ó báyìí, á máa rùn lábẹ́ rọ́bà títí ayé. Ẹ dúró de oòrùn."

Oòrùn wo? Inú oṣù Kẹfà la wà.

Ajé, 19

Òjò. Ilẹ̀ ń mí.

Àbámẹ́ta, 24

Rọ́bà ti gbówó lórí. Konadu ní sídì ló tún já wálẹ̀, kì í ṣe òun. Mo dúró síbẹ̀, mi ò bínú, mi ò sì lọ. Nígbà tó yá, ó ní kí n mú un ní 105 sídì, yáàdì kan. Mo san ti pálọ̀, ó sì kọ orúkọ mi sára róòlù náà. Ó wù mí kí n wà níbẹ̀ sí i, kí n máa wo orúkọ mi.

Nígbà tí mo padà délé lọ́sàn-án, òjò rọra ń rọ̀ sórí páànù. Mo dùbúlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ Kwamena. Ó bi mí pé báwo ni rọ́bà náà ṣe rí. Mo ní ó dà bí odò ní ìdájí. "Mo rántí odò ní ìdájí," ló wí, oorun sì gbé wa lọ lójú ọ̀sán, bí ọmọdé.

Ìṣẹ́gun, 4 oṣù Keje

Bakatue. Àwọn ọkọ̀ ojú omi ń kọjá lórí Benya, ariwo ń bọ̀ láti orí afárá. Kwamena jókòó létí fèrèsé, ó ń sọ fún mi ohun tí mi ò rí láti ìdí ẹ̀rọ: "Ọba ti ń kọjá báyìí. Wọ́n ti ju àwọ̀n báyìí." Létí tèmi, ariwo kan náà ni gbogbo rẹ̀.

Oòrùn yọ fún gbogbo ọjọ́. Mo ṣí gbogbo fèrèsé fún ilẹ̀.

Àbámẹ́ta, 8

Wọ́n ti tẹ́ ẹ! Masta Paintsil fi gọ́ọ̀mù lẹ etí ẹ̀ nìkan, ó ní àárín rẹ̀ á jókòó fúnra rẹ̀. Ó yí i ká pálọ̀, ìmọ́lẹ̀ sì ń tẹ̀ lé e láti ògiri dé ògiri. Nígbà tó lọ, mo bọ́ bàtà, mo dúró síbẹ̀. Mo rí òjìji fèrèsé nílẹ̀, mo rí òjìji ara mi, láìsí ojú, bí ẹni tó ń ti abẹ́ omi wò mí.

"Ó dára," Kwamena wí, ó ń fi ẹsẹ̀ pa á. "Aba, ó dára gan-an."

Ọjọ́bọ̀, 13

Inú mi ò dùn láti kọ eléyìí.

Láti ọjọ́ Àìkú ni mo ti rí i pé Kwamena kì í dìde lórí àga mọ́. Mo rò pé ọwọ́ ló ń dùn ún. Lónìí mo ti ọjà dé, mo bá a ní ìdúró láàárín pálọ̀, ó na ọwọ́ tó dáa síwájú, kò fi kan nǹkan kan.

"Bàbá Adoma, kí lẹ ń wá?"

"Mi ò wá nǹkan kan. Mò ń gbádùn ilẹ̀ tuntun ni."

Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Àwọn ọmọ ìka ń rá pálá lórí rọ́bà, bí ẹni tó ń wá owó nínú yanrìn.

"Kwamena." Mi ò kí ń pe orúkọ rẹ̀ gan-an báyẹn.

Ó sọ ọwọ́ kalẹ̀. "Aba, mi ò mọ ibi tí mo wà."

Mo mú un lọ sórí àga. Ó jókòó tán, ó ní: "Ilẹ̀ àtijọ́, mo mọ̀ ọ́n. Ibi tó sán, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ni àga mi wà. Ibi tó le ṣákaṣàka, ọ̀nà yàrá nìyẹn. Kòtò kan ṣoṣo ni mo ṣì. Ṣùgbọ́n èyí, ńṣe ló dà bíi kéèyàn máa wakọ̀ lórí títì tuntun nínú kùrukùru. Títì náà dán, kò sì sí àmì kankan lórí rẹ̀."

"Kí ló dé tẹ́ ò sọ fún mi?"

"O ti ń kọrin."

"Kí ni?"

"Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta lo ti ń kọrin nídìí ẹ̀rọ. Mi ò fẹ́ kó o dáwọ́ dúró."

Mo jáde lọ sẹ́yìn ilé. Inú ń bí mi, mi ò sì mọ ẹni tó bí mi nínú. Òkun ń lọ, ó ń bọ̀. Mo bá a jókòó títí ara mi fi rọ̀.

Ẹtì, 14

Mi ò rán nǹkan kan.

Àbámẹ́ta, 15

Ní ìdájí, kí n tó la ojú dáadáa, mo rí ilé wa láti òkè bí aṣọ tí wọ́n tẹ́ sórí tábìlì láti gé. Mo rí ibi tí wọ́n á ti lẹ nǹkan mọ́ ọn. Mo dìde, mo wọkọ̀ lọ sọ́dọ̀ Konadu.

Mo ní kó fi àwọn ègé tó ń ṣẹ́kù nídìí róòlù hàn mí. "Èyí tó rí ṣákaṣàka, èyí tó rọ̀, èyí tó ní ìlà. Kí wọ́n má ṣe bára wọn mu."

"Mama, àwọn oníbàárà mi máa ń bẹ̀ mí pé kó bára mu ni."

"Ọkọ mi ló máa fi ẹsẹ̀ kà á."

Ó wò mí. Nígbà tó yé e, ó fa ẹrù ẹ̀yìn ṣọ́ọ̀bù wó lulẹ̀, àwa méjèèjì bọ́ bàtà, a ń dúró lórí ègé kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ojú dídì bí aláìlóye. Ẹnìkan wọlé wá rajà, ó tún jáde. Gbogbo ègé tí mo kó ò ju 280 sídì lọ. Nínú rẹ̀ ni èyí dúdú kan wà, tó nípọn, tó ní ìlà ṣóńṣó ṣóńṣó. Konadu ní inú bọ́ọ̀sì ni wọ́n máa ń tẹ́ ẹ sí.

Mo gbé e síwájú àga Kwamena láìsọ nǹkan kan. Ó gbé ẹsẹ̀ lé e. Gbogbo ara rẹ̀ dúró jẹ́ẹ́.

"Ta ló gbé bọ́ọ̀sì mi wálé?"

Ìṣẹ́gun, 18

Masta Paintsil kọ̀ jálẹ̀ láti gé rọ́bà náà. "Mama, èmi ni mo tẹ́ ẹ. Mi ò lè fi ọwọ́ ara mi ti ọ̀bẹ bọ̀ ọ́." Mi ò bá a jà. Èmi náà ò ní fẹ́ fi sísọ́ọ̀sì bọ aṣọ tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ rán.

Ni mo bá ṣe é fúnra mi. Mo tú bébà àpò sìmẹ́ńtì, mo gé e bí ìgbà tí mò ń gé àwòṣe aṣọ: ọ̀nà kan láti ẹnu ọ̀nà ìta lọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ẹ̀ka kan lọ sí ìdí fèrèsé. Kwamena kúnlẹ̀, ó fi orúnkún àti ọwọ́ tó dáa tẹ bébà náà mọ́lẹ̀. Mo gbé rọ́bà dúdú lé orí èyí tó ń dán, kí n lè gé méjèèjì pọ̀, kí etí wọn lè pàdé, kó má bàa gbé Kwamena lẹ́sẹ̀.

Mo wá di ọ̀bẹ mú, mi ò lè gé e. Òjìji mi wà nínú ilẹ̀ náà, ó ń wò mí.

"Ṣé kí n mú ọ̀bẹ?" Kwamena bi mí.

"Ẹ̀yin? Kí ẹ gé ọmọ ìka mi?"

"Ó kéré tán, á tètè tán."

Mo bú sẹ́rìn-ín, inú ẹ̀rín náà ni ọ̀bẹ ti wọlé. Ó dún "ṣììì", bí sátínì.

Ìṣẹ́gun, 25

Ó ti parí, àfi yàrá. Ibi tí ọ̀nà ti pínyà, mo fi ègé kan tó rọ̀ tìmùtìmù síbẹ̀. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ gba èyí tó dà bí pákó. Iwájú balùwẹ̀ gba èyí tó rí bí yanrìn. Ilẹ̀ náà ò dára lójú. Ó dà bíi pé òjò rọ̀ sórí odò, ẹrọ̀fọ̀ sì wọ̀ ọ́.

Ṣùgbọ́n Kwamena ti ń rìn! Ó sọ ibi kọ̀ọ̀kan nínú ilé ní orúkọ ìlú tó ń wa bọ́ọ̀sì kọjá tẹ́lẹ̀. Ẹnu ọ̀nà ni Accra, ibi tó rọ̀ ni Mankessim, balùwẹ̀ ni Takoradi. Láti ìdí ẹ̀rọ ni mo ti máa ń gbọ́ ọ: "Mankessim rè é o! Ẹni tó ń sọ̀ kó sọ̀!" Lánàá ó gbá orí mọ́ férémù ilẹ̀kùn, ó ní àwọn ọlọ́pàá ló dá òun dúró. Lónìí, ó fúnra rẹ̀ bu omi mu.

Mò ń kọrin. Mi ò mọ ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀.

Àbámẹ́ta, 5 oṣù Kẹjọ

Adoma dé pẹ̀lú ọkọ̀ ńlá tó ní àyè ẹrù lẹ́yìn. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú bàtà gíga, ó wo ilẹ̀ láti ògiri dé ògiri.

"Maame, kí lèyí? Ṣé ilẹ̀ ni tàbí aṣọ alágbe?"

"Bọ́ bàtà rẹ ná."

"Mo ní kẹ́ ẹ tún un ṣe, kì í ṣe kẹ́ ẹ fi àkísà lẹ̀ ẹ́. Maame, ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ràn nǹkan tó dára! Ẹ jẹ́ ká kó ẹrù. Ẹ jọ̀ọ́. Gbogbo ìgbà tí fóònù mi bá dún, mo máa ń rò pé Paapa tún ti ṣubú ni. Mi ò kí ń sùn."

Ohùn rẹ̀ já lójú ọ̀rọ̀ ìkẹyìn. Kwamena gbọ́, ó dìde láti ìdí fèrèsé, kò di nǹkan kan mú. Ó ń bọ̀ lórí ìlà dúdú yẹn, ó rọra ń bọ̀, Adoma sì na ọwọ́ bíi pé ó fẹ́ sáré gbé e. Mo fà á lápá mọ́ra. Kwamena dé ibi tó rọ̀, ó yà, ó wá dúró gangan níwájú ọmọ rẹ̀, imú fẹ́rẹ̀ẹ́ kan imú.

"Ẹnìkan páàkì sójú ọ̀nà mi," ló wí. "Ó sì fín lọ́fínńdà."

Adoma fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Ṣé o ti jẹun, ọmọ mi?"

Adoma bọ́ bàtà. Ó di ojú rẹ̀ pa, ó gbé ẹsẹ̀ lé ìlà náà, ó sì tẹ̀ lé e lọ sí fèrèsé pẹ̀lú ọwọ́ nínà, bàbá rẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ tó ń ké pé kó ṣọ́ra, orí bírékì ni kó wà. Nígbà tó dé ibẹ̀, kò padà wá. Ó jókòó sílẹ̀, ó fi ẹ̀yìn ti ògiri, lẹ́yìn náà ó dùbúlẹ̀ pátápátá. Afẹ́fẹ́ òkun ń gba orí rẹ̀ kọjá. Kí n tó gbé oúnjẹ dé, ó ti sùn lọ lórí ilẹ̀ dídán náà, ó fi ọwọ́ sábẹ́ ẹ̀rẹ̀kẹ́, oorun ẹni tí kò tíì sùn láti oṣù Karùn-ún.

Kwamena jókòó tì í. "Má jí i," ló wí.

Àìkú, 6

Èmi àti Adoma la jọ fi ègé rọ́bà tó ṣẹ́kù tẹ́ yàrá kí ó tó lọ. Òun ló di bébà mú. Ó gé e wọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ibùsùn, mo ní kó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀, kí bàbá rẹ̀ lè mọ ọwọ́ tó gé e.

Ó gbé ọkọ̀ ńlá náà padà sí Tema pẹ̀lú ẹja yíyan nìkan lẹ́yìn. Kò dárúkọ yàrá tó ṣe sílẹ̀ mọ́. Ó kàn bi mí, bó ṣe ń ti ilẹ̀kùn ọkọ̀, pé èló ni Konadu ń ta rọ́bà dúdú yẹn.

Àbámẹ́ta, 12

Láàárín ìránṣọ, mo rí i pé mi ò gbọ́ Kwamena mọ́. Kò sí ní Mankessim. Kò sí ní Takoradi. Mo pè é, kò dáhùn. Mo sáré jáde láìwọ bàtà.

Òun nìyẹn lórí bẹ́ǹṣì ìyá eléja ní òdìkejì àgbàlá, létí ọ̀nà, níbi tí ilẹ̀ ti jẹ́ yanrìn àti òkúta lásán. Kò dá jáde rí láti ìgbà tí ojú ti lọ. Ìyá eléja àtàwọn obìnrin méjì ń rẹ́rìn-ín sí ohun tó ń sọ. Oòrùn wà lójú rẹ̀.

"Bàbá Adoma! Báwo lẹ ṣe débí? Mi ò tẹ́ nǹkan kan síhìn-ín!"

Ó yíjú sí mi, síbi tí mo wà gan-an.

"Aba," ló wí, "ta ló sọ fún ẹ pé ẹnu ọ̀nà ni títì parí sí?"